Ìyáálé àti Ìyàwó, Ọkọ̀ Méjì Tí Bàbá Fi Sílẹ̀

Inú ń bí mi. N kò ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé kí ẹ tó kàn án. Ó ti tó oṣù mélòó kan báyìí. Bí mo bá jí láàárọ̀, ìbínú náà á ti jí ṣáájú mi, bí mo bá ń rán aṣọ, á jókòó tì mí. Àwọn ènìyàn mi ní Ìkìrun ní kí n fọwọ́ wọ́nú. Wọ́n ní ìbínú kò ṣe nǹkan fún ni, sùúrù ni baba ìwà. Mo ti gbọ́. Ohun tí n kò gbọ́ rí ni kí wọ́n pa òwe yẹn fún ẹni tó gba nǹkan ẹlòmíràn. Ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa ń pa á fún.

Ilé ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi. Kì í ṣe ilé búlọ́ọ̀kù, kì í ṣe ilé alámọ̀. Ọkọ̀ ojú omi ni, ọkọ̀ onígbòkun tí wọ́n fi fáíbà ṣe, tó ti dàgbà jù mí lọ. Inú rẹ̀ ni mo ń gbé ní etí ọ̀sà ní Èkó. Ẹ̀gbọ́n mi ló gbà á, ọmọ bàbá mi. Màá máa pè wọ́n ní "wọn" nínú ohun tí mo ń kọ yìí nítorí ilé tí mo ti jáde wá, kì í ṣe nítorí pé inú mi fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Ìkìrun ni bàbá mi, káfíńtà sì ni wọ́n. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, wọ́n fẹ́ ìyá ẹ̀gbọ́n mi láti Ìnísà, wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi, kò sì pẹ́ tí iṣẹ́ fi gbé wọn lọ sí Èkó. Ọ̀dọ̀ àwọn olówó tó ń fi ọkọ̀ onígbòkun ṣeré lórí ọ̀sà ni iṣẹ́ náà wà. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lára ọkọ̀, Bàbá ni wọ́n ń pè. Láti orí pákó ni wọ́n ti bọ́ sórí fáíbà, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe táǹkì omi àti bọ́ńpà mọ́tò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fẹ́ ìyá mi, ọmọ Ìkìrun bíi tiwọn, wọ́n sì bí mi. Kò sí ìyá kankan nínú àwọn méjèèjì tó bá wọn lọ sí Èkó. Bàbá ń wá sílé nígbà Kérésì àti Àjíǹde, wọ́n á lo ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á padà síbi iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe dàgbà, èmi ní Ìkìrun, ẹ̀gbọ́n mi lọ́dọ̀ ìyá wọn ní Ìnísà.

Òyìnbó kan wà tí Bàbá bá ṣiṣẹ́ pẹ́. Nígbà tó ń padà sí ìlú rẹ̀, ó ní ọkọ̀ méjì tí ẹnikẹ́ni kò rà lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ogbó. Ó kó ìwé méjèèjì lé Bàbá lọ́wọ́, ó wọ bàálù, ó lọ. Bí káfíńtà láti Ìkìrun, ìlú tí kò sí omi kankan níbẹ̀ tó ju odò Ọ̀tìn lọ, ṣe di ọlọ́kọ̀ méjì nìyẹn.

Bàbá sọ èyí tó gùn ní Ìyàwó, wọ́n sọ èyí tó kúrú ní Ìyáálé. Ìyàwó ni wọ́n ṣe fún eré ìje. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, imú rẹ̀ ṣóńṣó. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ díẹ̀ báyìí, á ti fẹ́ fò. Ṣùgbọ́n oge rẹ̀ pọ̀. Ìgbòkun rẹ̀ pọ̀, okùn rẹ̀ pọ̀, ẹni mẹ́rin ló gbọ́dọ̀ máa ṣe é jẹ́jẹ́ bó bá ń sáré, omi á sì máa ta sí gbogbo wọn lójú. Inú rẹ̀ kò ga ju kí ènìyàn jókòó lọ. Ibùsùn kan ṣoṣo ló ní, tóóró, bí o bá fẹ́ yí ẹ̀gbẹ́ padà lórí rẹ̀, àfi kí o kọ́kọ́ dìde jókòó. Kò sí ibi ìdáná. Orí rẹ̀ lókè, níbi tí a ń tẹ̀ kọjá, ti rọ̀ níbi méjì, nítorí pákó tí wọ́n tẹ́ sáàárín fáíbà níbẹ̀ ti mu omi.

Ìyáálé ní tirẹ̀ kúrú, ó sanra, kò sì kánjú. Bí wọ́n bá ní kí ó wá díje, ìgbà tí àwọn yòókù bá ti jẹun tán ló máa dé. Ṣùgbọ́n fáíbà ara rẹ̀ nípọn. Bàbá máa ń sọ pé nígbà tí wọ́n ṣe é, fáíbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àwọn tó ṣe é kò tí ì mọ bó ṣe lágbára tó, ìbẹ̀rù ni wọ́n fi ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara wọn títí. Bí ìjì bá dé, á mi orí, á jókòó. Èmi àti Bàbá ti gbé e jáde lọ sí ojú òkun gan-an, ọjọ́ mélòó kan la lò níbẹ̀, mo se ọbẹ̀ nínú rẹ̀, ọbẹ̀ kò dà. Ènìyàn lè nàró nínú rẹ̀. Ó ní sítóòfù, ó ní tábìlì, ó ní ibùsùn tó fẹ̀, ó ní fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń gbà wọlé.

Nígbà tí ìgbéyàwó mi túká, Èkó ni mo gbà lọ bá Bàbá. Inú Ìyáálé ni wọ́n ń gbé nígbà náà. Wọ́n wò mí, wọ́n wo ẹrù mi, wọ́n sì ká ẹní wọn. Wọ́n ní kò yẹ kí baba àti ọmọbìnrin tó ti wọ ilé ọkọ rí máa há ara wọn mọ́ yàrá kan. Inú Ìyàwó ni wọ́n kó lọ, sórí ibùsùn tóóró yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n sì ń sùn títí wọ́n fi dolóògbé. Mo bẹ̀ wọ́n títí pé kí a ṣe pàṣípààrọ̀, wọ́n kọ̀. Wọ́n ní kí n má wulẹ̀ sọ ọ́ nílé, kí àwọn ará ilé má lọ máa sọ pé àgbàlagbà ń ká bí okùn sínú àpò. N kò sọ ọ́.

Wọ́n kọ́ mi ní ìgbòkun rírán. Ìgbòkun tó bá ya, ìbòrí ọkọ̀, tìmùtìmù àwọn olówó, èmi ni mo ń rán an, iṣẹ́ náà ni mo ń jẹ dòní. Ní àárọ̀, Bàbá á kan ara ọkọ̀ mi gbọ̀, gbọ̀, mo ti mọ̀ pé ẹ̀kọ ni wọ́n ń béèrè. A ó jọ jókòó sí tábìlì Ìyáálé, a ó jẹ, wọ́n á bú ọkọ̀ àwọn aládùúgbò wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo gbádùn ọdún wọ̀nyẹn ju ọdún tí mo lò nílé ọkọ lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ìkìrun la sin Bàbá sí. Àlùfáà Áńgílíkà ka ìwé, a kọrin, a fún àwọn àlejò lóúnjẹ, wọ́n lọ. Nígbà tó yá, wọ́n pè wá láti wá pín ogún. Pálọ̀ Bàbá la jókòó sí. Bàbá kékeré, ìyẹn àbúrò bàbá mi, ló ṣe olórí ìpàdé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún wọn. Ọ̀gá ilé ìwé ni ẹ̀gbọ́n mi ní Òkukù, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́lé sí. Wọ́n máa ń jókòó bí ẹni pé gbogbo wa fẹ́ ṣe ìdánwò. Èmi jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi.

Bàbá kékeré ní ìdí-igi méjì ni Bàbá ní, ti Ìnísà àti ti Ìkìrun, ọmọ kan lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ohun gbogbo á pín sọ́nà méjì. Ilé kò fa wàhálà. Apá ọ̀tún bọ́ sí ti Ìnísà, apá òsì bọ́ sí tiwa. Ó wá ku ọkọ̀ méjì.

Ní ilé wa, àbúrò ní í pín, ẹ̀gbọ́n ní í mú. Àbúrò á dá nǹkan sí méjì dọ́gba-dọ́gba, kò ní rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí ó mọ̀ pé òun kọ́ lòun máa kọ́kọ́ mú. Ẹ̀gbọ́n á na ọwọ́ sí èyí tó wù wọ́n, èyí tó bá kù ni ti àbúrò. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá ń mú, àbúrò kì í sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n náà kì í bi í léèrè ohunkóhun, kí ó má dà bíi pé ọmọdé ló ń darí ọwọ́ àgbà. Ẹni tó bá sì ti mú ti mú, kò sí ìpadàsẹ́yìn. N kò ní kí wọ́n pa àṣà náà rẹ́. Bó bá ṣe iṣu ni, tàbí aṣọ, tàbí ẹran iléyá tí aládùúgbò gbé wá, kò sí ohun tó dára tó o. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbé inú ẹran.

Bàbá kékeré yíjú sí mi. "Ọmọ mi, àwa ò mọ bóòtù. Ṣàlàyé méjèèjì, kí ẹ̀gbọ́n ẹ lè mọ ohun tí wọ́n ń mú."

Mo ṣàlàyé. Mo sọ̀rọ̀ títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Mo sọ ti eré ìje, mo sọ ti ìrìn àjò, mo sọ ti gbígbé. Mo pín ìdákọ̀ró, okùn, ìgbòkun àti irinṣẹ́ Bàbá sí méjì, mo sì fi èyí tó dára jù sọ́dọ̀ Ìyàwó, kí ó lè dí àléébù rẹ̀. Nígbà tí mo dárúkọ wọn, àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan béèrè pé èwo ló gùn jù. Mo ní Ìyàwó. Ẹlòmíràn ní èwo ló ń sáré jù. Mo ní Ìyàwó. Wọ́n ní èwo ni wọ́n á rà lówó gidi bí wọ́n bá fẹ́ tà á. Mo ní Ìyàwó, bí wọ́n bá tún orí rẹ̀ ṣe. Inú mi ti ń balẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mo wá sọ ọ́ gbangba, kí ẹnikẹ́ni má bàa wí lọ́la pé n kò sọ ọ́: "Inú Ìyáálé ni mò ń gbé. Mi ò nílé míì l'Ékòó."

"A gbọ́," Bàbá kékeré ní. "Ṣùgbọ́n ogún ni. Ó yá, kí ẹ̀gbọ́n mú."

Ẹ̀gbọ́n mi kò wo ojú mi. Wọn kò tilẹ̀ ronú. "Ìyáálé ni mo mú."

Mo ti yanu. Ìyá mi fi ọwọ́ tẹ orúnkún mi mọ́lẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ gan-an, èékánná rẹ̀ wọlé. Mo pa ẹnu dé. Bàbá kékeré gbàdúrà, wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí kálukú fi ìpín tirẹ̀ ṣe rere, gbogbo ilé ṣe àmín. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà kún ọjà lọ́jọ́ náà o. Orí ọmọ wọ́, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà.

Mo bi ara mi léèrè ìdí rẹ̀ títí. Kí ni ọ̀gá ilé ìwé ní Òkukù fẹ́ fi ọkọ̀ kúkúrú ṣe? Ìdáhùn kan ṣoṣo ni mo rí: ọmọ ìyáálé ni wọ́n, wọn kò lè gbà kí ọmọ ìyàwó kékeré mú ohun tó ń jẹ́ Ìyáálé láàárín ilé. Nítorí orúkọ tí Bàbá fi ṣeré ni mo ṣe pàdánù ilé mi. Bí mo bá ti rántí, ẹ̀jẹ̀ á yọ sí mi lójú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n rán tírélà wá sí Èkó. Mo ti kó ìkòkò mi, aṣọ mi àti ẹ̀rọ ìránṣọ mi sínú Ìyàwó. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù.

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ fi ṣe ní Òkukù? Ọ̀tìn ò lè gbé e. Á kàn jókòó sínú ẹrẹ̀ ni."

"Ohun tí mo fẹ́ fi ṣe, mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ jẹ́ kí n máa san owó ilé fún yín nígbà náà. Kí n ṣáà máa gbé ibẹ̀."

"A ti pín in, àbúrò. Má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ohùn wa níta." Wọ́n pa fóònù.

Wọ́n fi kireéènì gbé e sókè. Omi ń kán lára rẹ̀, ìdí rẹ̀ pupa, àwọ̀ tí mo fi ọwọ́ ara mi kùn ún. Ìdí ọkọ̀ onígbòkun ní irin ńlá kan tó wúwo, tó máa ń wà nísàlẹ̀ omi. Òun ni kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dojú ọkọ̀ dé. Mo kìlọ̀ fún dẹ́rẹ́bà pé kí ó fi táyà ti irin náà, kí ó má jẹ́ kí nǹkan kàn án. Ó ní "Yẹ́ẹ̀sì, Ma." Ó lọ.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gbé inú Ìyàwó nìyẹn. Ìkúnlẹ̀ ni mo fi ń wọ aṣọ. Ìta ni mo ti ń dáná, òjò á dé bá mi nídìí rẹ̀, màá bo ìkòkò dípò kí n bo orí. Níbi tí orí ọkọ̀ ti rọ̀, omi ń jò sórí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. N kò lè rán ìgbòkun ńlá mọ́ nítorí kò sí àyè tí mo lè tẹ́ ẹ sí, àwọn oníbàárà mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ lọ síbòmíràn. Lálẹ́, mo ń dùbúlẹ̀ síbi tí Bàbá ń dùbúlẹ̀ sí, pákó òkè kàn mí nímú, mo sì ń bínú sí Òkukù.

Nígbà tí ara mi kò gbà á mọ́, mo wọ mọ́tò wá sílé. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ṣòro. Kí ẹ̀gbọ́n mi gba Ìyàwó, èyí tó gùn, tó níye lórí, pẹ̀lú gbogbo irinṣẹ́ Bàbá. Kí wọ́n dá Ìyáálé padà fún mi. Ìyá mi ní Ìkìrun ní a kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ohun tí ẹ̀gbọ́n bá ti mú ti mú. Mo ní mo gbọ́. Mo wọ bọ́ọ̀sì Òkukù.

Ní Ìnísà, bọ́ọ̀sì dúró kí èrò bọ́ sílẹ̀. Mo bojú wo òde lásán. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà kan, mo rí irin ńlá pupa kan nílẹ̀, àwọn ọkùnrin méjì jókòó lé e, wọ́n ń jẹ gúgúrú. Mo mọ àwọ̀ pupa náà bí mo ṣe mọ àtẹ́lẹwọ́ mi. N kò mọ ìgbà tí mo sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Irin wo lẹ jókòó lé yìí?"

Wẹ́dà fúnra rẹ̀ jáde, ó nu ọwọ́, inú rẹ̀ dùn. "Mummy, ìdí bóòtù ọ̀gá kan ní Òkukù ni. Tírélà ò lè kọjá lábẹ́ wáyà iná, bóòtù yẹn ga jù. Ọ̀gá ní ká gé e. Iṣẹ́ yẹn ò kéré o, ṣùgbọ́n a gé e mọ́, ẹ wò ó."

"Ẹ gé e? Òun ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ dojú dé nínú omi!"

Ó wò mí tàánú-tàánú. "Orí ilẹ̀ náà ló máa wà, Mummy. Ibo ló tún fẹ́ dojú dé sí?"

Òótọ́ ló sọ, èyí gan-an ló bí mi nínú jù. Mo sọ fún un pé kí ó má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlókù, pé mo ń bọ̀ wá gbé e. Irin tí wọ́n gé, wọ́n lè jó o padà. Ohun tí mo ń wí fún ara mi nìyẹn lórí ọ̀kadà tí mo wọ láti ibẹ̀ dé Òkukù: wọ́n lè jó o padà, wọ́n lè jó o padà.

Mo rí Ìyáálé kí n tó rí ilé ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti gbé e jókòó sórí búlọ́ọ̀kù nínú ọgbà, lábẹ́ igi máńgò, adìyẹ ń lọ ń bọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti kùn ún ní funfun. Ó mọ́. Mo yí i ká lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ibẹ̀ ni mo ti dúró.

Wọ́n ti gé ilẹ̀kùn sí i lára. Ẹ má ṣì mí gbọ́: wọ́n mú ayùn, wọ́n gé ara ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, wọ́n fi férémù sí i, wọ́n gbé géètì onírin kọ́ ọ, wọ́n sì fi símẹ́ńtì mọ àtẹ̀gùn méjì síwájú rẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan ibi tí wọ́n gé. Ó nípọn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ní Ìkìrun. Fáíbà tí ìjì kò rí gbé ṣe, káfíńtà kan fi ọwọ́ ọ̀sán la á. Kò tún sí ọ̀rọ̀ irin jíjó mọ́. Ọkọ̀ tó ní ilẹ̀kùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní lọ sórí omi mọ́ láéláé.

Mo kígbe. N kò kúnlẹ̀, n kò kí ẹnikẹ́ni. "Bùọ̀dá! Bùọ̀dá, ẹ jáde!"

Inú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti dáhùn. Wọ́n ṣí géètì, singilẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò pénpé ló wà lára wọn. N kò rí ẹ̀gbọ́n mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Wọlé," wọ́n ní, bí ẹni pé n kò mọ ọ̀nà ibẹ̀. Mo gba ara ògiri wọ ilé mi.

Tábìlì wà níbẹ̀. Sítóòfù wà níbẹ̀. Lórí ibùsùn, wọ́n tẹ́ aṣọ aláró mímọ́ kan, Bíbélì wà nígbèrí, gíláàsì ojú wọn wà lórí rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo ní wọ́n ti pa ọkọ̀. Mo ní gbogbo ọdún tí Bàbá fi tọ́jú rẹ̀, wọ́n fi ayùn pa á lọ́jọ́ kan. Mo ní nítorí orúkọ lásán, nítorí ìgbéraga ọmọ ìyáálé, wọ́n gba ilé lórí àbúrò wọn, wọ́n sì sọ ọ́ di ilé adìyẹ. Ọ̀rọ̀ tí àbúrò kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n, mo sọ ọ́, mo sì tún un sọ.

Wọ́n jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Wọ́n jókòó sórí ibùsùn.

"Ìgbéraga?" wọ́n ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni mò ń rí Bàbá. Kérésì, Àjíǹde. Bí wọ́n bá dé Ìkìrun, wọ́n á ránṣẹ́ pè mí láti Ìnísà, wọ́n á bi mí níwèé, wọ́n á fún mi ní bàtà tí kò bá mi lẹ́sẹ̀ mu. Wọn ò mọ bí ẹsẹ̀ mi ṣe tó. Ìwọ bá wọn gbé. O mọ bí wọ́n ṣe ń hanrun. Èmi ò mọ̀ ọ́n." Wọ́n fi ọwọ́ pa aṣọ ibùsùn náà. "Mi ò fẹ́ owó, mi ò fẹ́ èyí tó gùn. Ibi tí wọ́n ń sùn sí ni mo fẹ́. Láti ìgbà tó ti dé ni mo ti ń sùn níbí. Ó ti sú ìyàwó mi nínú ilé, ó ní mo ti ya wèrè." Wọ́n wò mí, ojú wọn kò jọ ti ọ̀gá ilé ìwé mọ́. "Apá ibí ni wọ́n ń gbé orí sí, àbí apá ọ̀hún?"

Ó rọrùn láti na ìka. Apá ibẹ̀ ni, Bùọ̀dá. Ì bá parí síbẹ̀, àlàáfíà ì bá dé. Àwọn ènìyàn mi ì bá ní mo ti ní sùúrù. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn yẹn wà lẹ́yìn mi, afẹ́fẹ́ ń gbà á wọlé, ìbínú sì wà lọ́fun mi.

"Ibùsùn mi lẹ jókòó lé," mo ní. "Bàbá ò sùn níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti dé ọ̀dọ̀ wọn. Inú Ìyàwó ni wọ́n ń sùn. Inú èyí tí ẹ fi sílẹ̀ fún mi."

Wọ́n dìde kúrò lórí ibùsùn náà wéré, bí ẹni tó jókòó lé nǹkan onínǹkan. Wọ́n dúró sáàárín yàrá, wọn kò mọ ibi tí wọ́n máa fi ọwọ́ sí.

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ ní Ìkìrun?"

"Ẹ ò bi mí."

"Ẹ̀gbọ́n tó bá ń mú, ṣé ó ń bi àbúrò ni?"

"Òun náà ni mò ń sọ, Bùọ̀dá."

Wọ́n jókòó, orí tábìlì ni wọ́n jókòó sí lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n ń sunkún, wọn kò sì fi ọwọ́ bo ojú. N kò tù wọ́n nínú. Mo fẹ́ kí wọ́n sunkún. Mo fẹ́ kí Bàbá náà wà níbẹ̀ kí n lè bá wọn jà, àwọn tó ní kí n má sọ fún ará ilé, tó ra bàtà láì wọn ẹsẹ̀ ọmọ.

"Ibùsùn tiwọn yẹn," ẹ̀gbọ́n mi ní nígbà tó yá, "ṣé ó ṣì wà?"

"Ó wà. Òun ni mò ń sùn lé báyìí. Ẹ ti gé tèmi."

"Mo fẹ́ wá síbẹ̀."

"Ẹnì kan péré ló gbà."

"Mo mọ̀. Mo ní mo fẹ́ wá."

Mo wò wọ́n, àgbàlagbà nínú singilẹ́ẹ̀tì, nínú ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ mi tán tí kò sì ṣe wọ́n láǹfààní. Mo ní kí wọ́n máa bọ̀. Mo ní bí wọ́n bá dé, kí wọ́n kọ orí sí apá iwájú ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni Bàbá ń ṣe é. Èmi á tẹ́ ẹní sórí ọkọ̀ níta, màá sì máa bínú níbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́.